Súrùlérè tàbí Victoria Island: ìfiwéra ibi tí àwùjọ ọ̀rẹ́ lè sùn sí fún márátọ́ọ̀nù Èkó

Eré-ìje márátọ́ọ̀nù ti ìlú Èkó, tí wọ́n kọ́kọ́ sá ní ọjọ́ 6 oṣù Èrèlé ọdún 2016, máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ìdájí ọjọ́ Sátidé ní pápá ìṣeré ńlá tó wà ní Súrùlérè, ó sì máa ń parí sí Eko Atlantic, lórí ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ òkun ní etí Victoria Island. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wà ní Mainland, òpin rẹ̀ wà ní Island, omi ọ̀sà sì wà láàárín méjèèjì. Ọmọ Èkó lè sùn sílé rẹ̀ kó má sì ṣe àníyàn kankan, ṣùgbọ́n àwùjọ ọ̀rẹ́ tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Òṣogbo tàbí Ìlọrin fún òpin ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ní láti pinnu ẹ̀gbẹ́ omi tí wọn yóò sùn sí, ìpinnu yìí sì máa ń tún eré náà ṣe tàbí kó bà á jẹ́ ju bàtà tuntun àti aṣọ olówó ńlá lọ. Àwa ọ̀rẹ́ mẹ́fà ti wá láti Ìbàdàn lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kíní a sùn sí Lẹ́kkí, lẹ́ẹ̀kejì a sùn sí Súrùlérè, lẹ́ẹ̀kẹta a pín in sí méjì. Ohun tí mo rí ní ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo fẹ́ fi wé ara wọn níbí, kí ẹni tó ń múra fún ti ọdún tó ń bọ̀ lè mọ èyí tó bá àwùjọ tirẹ̀ mu.

N kò ní fi èrò mi pamọ́: ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ sá kìlómítà 42 gbọ́dọ̀ sùn sí Mainland ní alẹ́ Jímọ̀ọ́, kódà bí ìbátan rẹ̀ bá ní yàrá ọ̀fẹ́ fún un ní Lẹ́kkí. Ti alẹ́ Sátidé yàtọ̀ pátápátá. Bákan náà, àwùjọ tó jẹ́ pé àwọn tí yóò sá eré kúkúrú ti kìlómítà 10 àti àwọn tó kàn fẹ́ wòran ló pọ̀ jù nínú wọn ní ìdí gidi láti ro ti Island. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ènìyàn mọ ibi tí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ti ní kòtò kí ó tó gbà á.

Ìdájí ọjọ́ Sátidé

Ní ìwọ̀n agogo mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni wọ́n máa ń tú eré sílẹ̀, kí oòrùn tó le. Ẹni tó bá sùn sí agbègbè Bode Thomas, Adéníran Ògúnsànyà tàbí Ojúẹlẹ́gba lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀, ìrìn náà kò sì ju ohun tí ara nílò láti fi gbóná lọ. Ẹni tó sùn sí Yábàá lè wọ ọkọ̀ dé ibi tí wọ́n bá ti dí ọ̀nà, kí ó fi ẹsẹ̀ rin ìyókù. Kí ẹ má ṣe rìn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan nínú òkùnkùn, ẹ kó ara yín jọ, kí ẹ sì gba ojú títì ńlá. Láti agogo márùn-ún lọ, ẹ ó ti máa rí àwọn mìíràn tó wọ ṣòkòtò péńpé tí nọ́ńbà wà láyà wọn, gbogbo wọn ń lọ sí apá kan náà.

Mo ṣì ń rántí àárọ̀ ọjọ́ tí a sùn sí Súrùlérè. A jí ní agogo mẹ́rin ààbọ̀, iná kò sí, a tan tọ́ọ̀ṣì fóònù a sì fi ń wá pínnì tí a ó fi so nọ́ńbà mọ́ aṣọ. Ẹ̀gbọ́n wa kan, tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ní kí n bá òun so tòun, nítorí pé ọwọ́ òun ń gbọ̀n. Mo bi í pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé òtútù ń mú yín ni?” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Òtútù kọ́, àbúrò. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ilé-ìwé gírámà ni mo ti ń fẹ́ sá eré tó jìn báyìí.” Pínnì mẹ́rin ni mo lò, ọ̀kọ̀ọ̀kan sí igun kọ̀ọ̀kan, mo rí i dájú pé kò gún un. Nígbà tí a jáde sí ìta, ìyá kan ti gbé agbada kaná ní ẹ̀gbẹ́ títì, ó ń da àkàrà sínú òróró, ó sì ṣàdúrà fún wa bí a ṣe ń kọjá. A dé pápá ìṣeré ní agogo márùn-ún ààbọ̀ pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀, a ráàyè tọ̀, a ráàyè na ẹsẹ̀, a sì ráàyè jókòó.

Ti Island kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nítorí pé afárá Third Mainland wà nínú ojú ọ̀nà eré, ọkọ̀ kì í lè kọjá níbẹ̀ ní àárọ̀ náà, afárá Eko àti afárá Carter sì ni ó kù fún ẹni tó bá fẹ́ ti Island wá. Ní ọdún tí a sùn sí Lẹ́kkí, awakọ̀ tí a bá ṣe àdéhùn ní alẹ́ Jímọ̀ọ́ kò gbé fóònù nígbà tí a pè é ní agogo mẹ́ta òru. Ẹni kejì tí a rí gbà kò mọ̀ pé wọ́n ti ti afárá. Ó gbé wa dé Adéníjì, wọ́n dá wa padà, a wá yí gba Ìdúmọ̀tà, a gba afárá Carter, a gba Ìddó. Nígbà tí a ó fi dé Súrùlérè, agbo ńlá náà ti lọ, àwọn tó ń gbá ilẹ̀ ló kù. A sá kẹ́yìn. Ó dùn mí títí di òní, nítorí pé ọ̀rẹ́ mi kan nínú wa ti fi oṣù mẹ́rin gbára dì, ó ń jí ní agogo márùn-ún láti sá eré yípo Bódìjà ṣáájú iṣẹ́. Nítorí àkókò tó sọnù, ó sá kìlómítà mẹ́wàá àkọ́kọ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ara kò gbàgbé gbèsè yẹn: ṣáájú kìlómítà 33, ó ti jókòó sí etí títì, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti gan, kò sì lè parí.

Bí ẹ bá ní láti sùn sí Island dandan, ẹ fi agogo mẹ́ta òru ṣe àkókò ìgbéra, ẹ bá awakọ̀ méjì sọ̀rọ̀ dípò ẹyọ kan, ẹ sì sọ fún wọn ṣáájú pé afárá Eko ni kí wọ́n gbà, láti Àpọ́ngbọ̀n bọ́ sí Ìjọrà, kí wọ́n má gbójú lé maapu inú fóònù nìkan.

Oorun

Kò sí ibi tó dákẹ́ ní Èkó ní alẹ́ Jímọ̀ọ́. Ní Súrùlérè, ariwo ilé ọtí, jẹnẹrétọ̀ àti àìsùn ṣọ́ọ̀ṣì ni ẹ ó gbọ́. Ní Victoria Island, orin àwọn ilé ijó ni, ó sì lè má dákẹ́ títí agogo mẹ́rin. Yàrá ẹ̀yìn tí fèrèsé rẹ̀ kò kọjú sí títì ni kí ẹ bèèrè fún ní ibikíbi tí ẹ bá wọ̀ sí. Àwọn tó ti pẹ́ nídìí eré yìí mọ̀ pé oorun alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ló ṣe pàtàkì jù, nítorí pé oorun àìtó òru kan ṣoṣo kì í sábà ba eré jẹ́ bí ènìyàn bá ti sùn dáadáa ní òru tó ṣáájú rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ má ṣe máa fi Ọjọ́bọ̀ di ẹrù títí ilẹ̀ fi mọ́.

Oúnjẹ

Ní ti oúnjẹ alẹ́ Jímọ̀ọ́, Mainland ló ta yọ, n kò sì rí ẹni tó lè bá mi jiyàn lórí èyí. Ohun tí sárésáré nílò ní alẹ́ yẹn ni oúnjẹ afáralókun tó rọrùn láti dà nínú: ìrẹsì funfun pẹ̀lú ọbẹ̀ tí ata rẹ̀ kò pọ̀, iṣu sísè, tàbí àmàlà díẹ̀ pẹ̀lú ewédú fún ẹni tí inú rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n. Inú ẹ̀dọ̀ àti inú iṣan ni ara máa ń kó ṣúgà inú oúnjẹ wọ̀nyí pamọ́ sí, ìṣúra yìí ló sì máa ń fẹ́ tán ní ìwọ̀n kìlómítà 30 fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn, èyí tó fà á tí ẹsẹ̀ fi máa ń wúwo lójijì bí ẹni tí wọ́n so òkúta mọ́. Ní Súrùlérè àti Yábàá, búkà pọ̀, ẹ sì lè bá olóúnjẹ sọ̀rọ̀ lẹ́nu pé kó dín ata kù, kó má fi òróró púpọ̀ sí i, yóò sì ṣe é tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ní Victoria Island àti Lẹ́kkí, oúnjẹ òtẹ́ẹ̀lì ni ẹ ó sábà rí nítòsí ní alẹ́, owó rẹ̀ ga, kò sì rọrùn láti dá sí bí wọ́n ṣe sè é. Ní ibi kan tí a wọ̀ sí ní apá ibẹ̀, ìrẹsì tí wọ́n gbé wá fún wa ta débi pé méjì nínú wa lo ìdajì òru nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ibikíbi tí ẹ bá wà, ẹ fi ẹ̀wà àgànyìn sílẹ̀ di Sátidé. Oúnjẹ tí mo fẹ́ràn jùlọ ní Èkó ni, ṣùgbọ́n ẹ̀wà ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú eré máa ń mú kí inú kún fún afẹ́fẹ́, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò sì pọ̀ lójú ọ̀nà. Ní àárọ̀, búrẹ́dì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, tàbí ògì tí kò nípọn pẹ̀lú ṣúgà, ní wákàtí méjì ṣáájú eré, ti tó. Ẹni tí kò bá tíì jẹ nǹkan kan ṣáájú eré rí nígbà ìgbaradì kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ dán an wò ní ọjọ́ náà.

Lẹ́yìn tí mẹ́dàlì bá ti wà lọ́rùn

Níbí ni Island ti gba àsanpadà. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ parí kìlómítà 42 ní Eko Atlantic kì í ṣe ẹni tó lè máa wá ọkọ̀ kiri. Iṣan itan á ti le, àtẹ̀gùn ẹyọ kan á di òkè, òòyì lè kọ́ni bí ènìyàn bá jókòó lójijì, iyọ̀ òógùn á sì ti gbẹ sí ojú bí ìyẹ̀fun. Bí yàrá yín bá wà ní Victoria Island tàbí ní Ìkòyí, ẹ lè wẹ̀, kí ẹ sì gbé ẹsẹ̀ sókè láàárín wákàtí kan. Bí ó bá jẹ́ Súrùlérè ni, ẹ ó kọ́kọ́ rìn jáde kúrò ní ibi ìparí, nítorí pé ọkọ̀ kì í lè súnmọ́ ibẹ̀, ẹ ó wá ọkọ̀ láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tó ń wá ohun kan náà, ẹ ó sì bọ́ sínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ tí àwọn ọ̀nà tí wọ́n tì láti àárọ̀ fà. Wákàtí méjì ààbọ̀ ni a lò ní ọdún kejì kí a tó padà dé yàrá wa, ọ̀rẹ́ wa kan sì bì nínú ọkọ̀.

Ìdí nìyí tí a fi pín in sí méjì ní ọdún kẹta: alẹ́ Jímọ̀ọ́ ní Súrùlérè, alẹ́ Sátidé ní Victoria Island. Ìyọnu rẹ̀ ni ẹrù. Ọ̀nà tí a gbà yanjú rẹ̀ ni pé àwọn ọ̀rẹ́ méjì tí kò sá eré, tí wọ́n bá wa wá láti wòran, kó gbogbo báàgì wa kọjá sí Island ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ọ́, tí ọ̀nà ṣì ṣí, wọ́n sì sùn síbẹ̀. Ohun tí àwa mẹ́rin tó kù mú dání ni aṣọ eré, bàtà, nọ́ńbà, owó díẹ̀ àti fóònù. Àwọn méjèèjì náà jàǹfààní rẹ̀: wọ́n sùn dáadáa, wọ́n sì rìn lọ sí ibi ìparí láti wo àwọn ará Kenya àti Ethiopia tó máa ń wà níwájú, tí wọ́n ń fi wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá lé díẹ̀ sá gbogbo rẹ̀, tí wọ́n ti máa ń dé kí agogo mẹ́sàn-án tó lù. Àwùjọ tí kò ní ẹni tí yóò ṣe irú iṣẹ́ yìí fún wọn, tí gbogbo wọn jọ ń sá 42, kí wọ́n sùn sí Mainland ní alẹ́ méjèèjì, kí wọ́n fara da ìpadàbọ̀ náà. Ìrora ìpadàbọ̀ kò lè gba mẹ́dàlì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n pípẹ́ dé lè gbà á.

Ní ti owó, yàrá Mainland sábà máa ń rọjú díẹ̀, pàápàá bí ẹ bá gba ilé odidi tí wọ́n ń yá ni fún ọjọ́ díẹ̀, tí àwọn ará Èkó ń pè ní ṣọ́ọ̀tìlẹ́ẹ̀tì, tí ẹ sì jọ dá owó rẹ̀. Ẹ gbà á kí oṣù Ṣẹ́rẹ́ tó parí.

Kìlómítà 42 tàbí 10

Ìfiwéra yìí bá ti ibùsùn rìn, nítorí pé eré tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá yàn ló ń sọ irú òru tí ó nílò. Iye kìlómítà 42.195 tí gbogbo ayé ń lò di mímọ̀ ní ìdíje Olympic ti London ní ọdún 1908, ní 1921 ni àjọ tó ń darí eré sísá lágbàáyé sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Kò sí ẹni tó fi ìwọ̀n ooru Èkó pinnu rẹ̀. Ní oṣù Èrèlé, ooru ọ̀sán níbí máa ń kọjá 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius, afẹ́fẹ́ náà sì máa ń kún fún omi, èyí tí kì í jẹ́ kí òógùn gbẹ kíá kí ara lè tutù. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Ẹni tó ń lo ìṣẹ́jú mẹ́fà fún kìlómítà kan yóò parí ní wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú 13. Ẹni tó ń lo ìṣẹ́jú méje yóò lo wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú 55, á sì dé ní nǹkan bí agogo mọ́kànlá ààbọ̀. Ẹni tó ń lo ìṣẹ́jú mẹ́jọ yóò lo wákàtí márùn-ún àti ìṣẹ́jú 38, èyí tó túmọ̀ sí pé oòrùn ọ̀sán gangan ni yóò bá a lójú ọ̀nà. Ẹni tó ń sá kìlómítà 10 ní ìṣẹ́jú mẹ́jọ mẹ́jọ yóò ti parí láàárín wákàtí kan àti ìṣẹ́jú ogún, kí oòrùn tó le.

Nítorí náà, ẹni tí kò bá tíì sá kìlómítà 28 sí 30 ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí márùn-ún ṣáájú ọjọ́ náà, kí ó yan 10. Mo fi gbogbo ọkàn mi sọ èyí, kì í ṣe láti dín ẹnikẹ́ni kù. Láàárín àwùjọ ọ̀rẹ́, ìtìjú máa ń mú kí ẹni tí kò gbára dì forúkọ sílẹ̀ fún 42 nítorí pé àwọn yòókù ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà, tàbí tí àyà máa ń dùn ún, rí dókítà kí ó tó san kọ́bọ̀, èyíkéyìí tí ì báà yàn. Kí gbogbo ènìyàn sì yẹra fún lílo oògùn ìrora bíi ibuprofen ní àárọ̀ eré, nítorí pé kíndìnrín ti ní iṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe nígbà tí omi ara bá ń dínkù.

Ẹni tó ń sá 10 lè sùn sí Island pẹ̀lú ìpalára tó kéré, bí ó bá jẹ́ pé ọkọ̀ rẹ̀ dájú. Kí ó ṣáà rí i pé òun ti ka ìwé ìlànà ti ọdún náà, kí ó mọ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ti 10 àti ibi tí wọ́n ń parí rẹ̀ sí.

Kí ẹ jọ sá a, tàbí kí oníkálukú sá tirẹ̀

Àwọn ọ̀rẹ́ máa ń ṣèlérí pé àwọn kò ní fi ara àwọn sílẹ̀ títí dé Eko Atlantic. Ìlérí yìí dùn, ó sì máa ń nira láti mú ṣẹ. Ẹni tó yára tí ó bá ń fa ara rẹ̀ sẹ́yìn fún wákàtí márùn-ún máa ń rẹ̀ ní ọ̀nà mìíràn, ẹni tí kò yára tí ó bá sì ń tẹ̀lé ẹni tó yára yóò ti ná gbogbo agbára rẹ̀ tán kí ó tó rí omi ọ̀sà. Èyí tó burú jù nínú méjèèjì ni ti ẹni tí kò yára. Ọ̀nà tí ó tẹ́ wa lọ́rùn ni pé kí ẹ jọ rìn ní méjì-méjì gẹ́gẹ́ bí eré yín ṣe bá ara mu, kí ẹ jọ sá láti Súrùlérè gba títì Ìkòròdú títí dé apá Gbàgádà, lẹ́yìn náà kí méjì-méjì kọ̀ọ̀kan máa bá tirẹ̀ lọ.

Afárá Third Mainland ni ibi tí ènìyàn ti nílò ẹnì kejì jùlọ. Gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 11.8, láti Ọ̀wọ́rọ̀ńṣókí títí dé Adéníjì, kò sí igi, kò sí ilé, kò sí òjìji. Ní ọjọ́ mìíràn, inú dáńfó ni a ti máa ń kọjá lórí rẹ̀ láìwo ẹ̀gbẹ́. Ní ọjọ́ yìí, ẹ ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ yín lórí ọ̀dà, ẹ ó sì rí àwọn apẹja Mákòkó lórí omi nísàlẹ̀, ọ̀kan ń wa ọkọ̀, èkejì ń ju àwọ̀n, èéfín ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja ń rú wá láti ìsàlẹ̀. Èmi àti ẹ̀gbọ́n wa yẹn la jọ sá a ní ọdún kejì. Ní àárín afárá náà, mo rí i pé kò sọ̀rọ̀ mọ́, mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká rìn díẹ̀, kí ẹ mu omi.” Wọ́n fi ọwọ́ sọ fún mi pé rárá. Mo tún bẹ̀ wọ́n, mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, èmi ló rẹ̀, ẹ bá mi rìn.” Nígbà yẹn ni wọ́n gbà. A rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, wọ́n fa omi inú ọ̀rá kan mu díẹ̀díẹ̀, wọ́n da ìyókù sórí, a sì tún bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn nìkan ni, n kò mọ ẹni tí ìbá sọ fún wọn kí wọ́n rìn.

Lórí omi mímu, ẹ máa mu díẹ̀díẹ̀ ní ibi tí wọ́n bá ti ń pín in, kí ẹ sì fi nǹkan tó ní iyọ̀ àti ṣúgà kún un. Ẹni tó bá ń da omi lásán sínú láìdúró fún wákàtí márùn-ún lè mú kí iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀ jù, àìsàn tí èyí ń fà sì léwu bíi ti òùngbẹ.

Lẹ́yìn Ìkòyí ni afárá Lẹ́kkí sí Ìkòyí wà, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 2013. Kìlómítà 1.36 péré ni gígùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ga láàárín, ó sì máa ń bá ènìyàn nígbà tí itan ti ń ké. Ẹ rìn ín bí ó bá gba bẹ́ẹ̀. Ibi tí àwọn ọ̀rẹ́ tó ń wòran lè ṣe oore jùlọ nìyí, ju ibi ìparí lọ: bí wọ́n bá sùn sí Lẹ́kkí tàbí Ìkòyí, wọ́n lè fi ẹsẹ̀ rìn wá dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti omi tútù.

Bí ẹ ṣe máa dé, bí ẹ ṣe máa padà

Fún àwọn ará Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ṣí ní oṣù Òkúdù ọdún 2021 tún ọ̀rọ̀ yìí yí padà sí ojúrere Mainland, nítorí pé Èbúté Mẹ́ta ni ó ń parí sí, níbi tí Yábàá àti Súrùlérè kò ti jìnnà. Àbùkù rẹ̀ ni pé ibùdókọ̀ Ìbàdàn wà ní Móníyà, ó jìnnà sí àárín ìlú, àkókò ìgbéra rẹ̀ kò sì pọ̀. Ọkọ̀ orí títì ń gbéra nígbàkígbà, ṣùgbọ́n títì Ìbàdàn sí Èkó ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ọ́ lè gba gbogbo agbára tí ènìyàn ti kó jọ. Bí ẹ bá fẹ́ gba títì, ẹ ti kúrò nílé kí agogo mẹ́jọ àárọ̀ tó lù, kí ẹ lè ráàyè gba nọ́ńbà yín, kí ẹ jẹun, kí ẹ sì dùbúlẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọjọ́bọ̀ ni yóò dára jù bí iṣẹ́ bá gbà yín láàyè.

Ní ọjọ́ Àìkú, kí ẹni tó sá kìlómítà 42 má ṣe wa ọkọ̀ padà sílé. Ẹsẹ̀ tó gan lè má tètè tẹ búréèkì. Kí ẹni tó sá 10 tàbí ẹni tó wòran ló mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì máa dúró ní ibi bíi mẹ́ta láàárín Berger àti Ìbàdàn, kí gbogbo yín sọ̀kalẹ̀, kí ẹ rìn yípo ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó tún jókòó.